Ìtàn Kọ̀ǹpútà Inú Kọ̀ǹpútà àti Kọ̀ǹténà: Ṣé Ọ̀kan Máa Pa Èkejì Ni?

Ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ Sunday. A tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò tó àti àwọn tó ṣì wà lọ́jà nígbà tó wọlé.

Ohùn kìíní

Ẹ̀yin ará Jos, ẹ̀yin ará Kaduna, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Maiduguri àti Onitsha, gbogbo yín ni mo kí látọ̀dọ̀ àwa tá a wà ní Sabon Gari ní Kano níbí.

Ẹ rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé wa sọ pé àwọn kan wá bá òun lórí ìwé owó àjọ wa. Wọ́n ní ohun tá a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà ti di ti ayé àtijọ́. Wọ́n ní VM là ń lò, VM sì ti kú, pé kọ̀ǹténà ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Wọ́n wá dárúkọ owó tí a ó san kí wọ́n tó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹténà. Ẹ gbọ́ iye owó náà fúnra yín, mi ò ní tún un pè. Akọ̀wé ní kí n dá sí i, torí pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ náà ti pé.

Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Èmi ni mo gbé ìwé àjọ wa sínú VM lọ́jọ́sí. Nítorí náà ẹnikẹ́ni lè sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mò ń gbèjà. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìtàn ni mo fẹ́ pa, torí ẹni tí kò mọ ibi tí ọjà ti ń bọ̀, iye tó bá wu òǹtajà ló máa pè fún un.

Ohùn kejì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kọ̀ǹténà gan-an, èyí tí wọ́n fi irin ṣe, tí tírélà ń gbé bọ̀ láti Apapa. Ẹlòmíràn nínú wa, inú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kó tó dáyé, àpò kan lẹ́yìn èkejì, páálí kan lẹ́yìn èkejì ni àwọn alábàárù èbúté ń gbé ẹrù wọnú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ lè dúró lébùúté fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Olè ń jà, ẹrù ń bàjẹ́.

Lọ́jọ́ 26 oṣù April ọdún 1956, ọkùnrin kan tó ń ṣòwò tírélà ní Amẹ́ríkà, Malcom McLean, to àpótí irin 58 sórí ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Ideal-X, ó sì rán an láti Newark lọ sí Houston. Nígbà náà, owó àtikó ẹrù lásán sínú ọkọ̀ jẹ́ dọ́là 5.86 lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ti Ideal-X kò tó sẹ́ńtì 16. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó àgbérù, ẹ bá mi ṣírò ìyẹn wò.

Kí ló fà á? Ohun yòówù kó wà nínú kọ̀ǹténà, ìta rẹ̀ bákan náà ni. Kíréènì tó gbé bàtà ló máa gbé fíríìjì. Kò bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan tí ẹ̀yin náà mọ̀. Kọ̀ǹténà kò lé ọkọ̀ yòókù kúrò lójú omi. Bẹntiróòlù ṣì ń wọlé nínú ọkọ̀ onítáńkì. Wíìtì tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ń wọlé ní ìdàsílẹ̀ nínú ọkọ̀ tiẹ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wà wọnú ọkọ̀ roro, tí wọ́n á tún wà á jáde. Ẹrù ló ń yan ọkọ̀. Ẹ fi ìyẹn sí ìgbálẹ̀ ọkàn yín, mò ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ohùn kẹta

Ó yá, kí ni VM? Virtual machine ni wọ́n ń pè é. Èmi máa ń pè é ní kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè gba odindi yàrá, owó rẹ̀ sì pọ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́. Ẹni kan á máa lò ó, àwọn yòókù á máa tò. Ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ IBM kan tí Robert Creasy ṣe olórí wọn kọ ètò kan tó ń jẹ́ CP-40. Ní 1967 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń mú kí kọ̀ǹpútà kan ṣe bí ẹni pé ó pọ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó jókòó síwájú rẹ̀ á rò pé òun nìkan ló ni ín. CP-67 tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di August 1972, IBM gbé VM/370 jáde fún àwọn oníbàárà wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní VM ti gbó, kò purọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àmọ́ gbígbó kọ́ ni kíkú.

Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra kékeré-kékeré, ọ̀kan fún ìwé owó, ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi máa di ọdún 1990 sókè, púpọ̀ nínú wọn kàn ń jẹ iná lásán ni, wọn ò ṣiṣẹ́ tó. Ó dà bí ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá láti kó ẹrù tí ṣọ́ọ̀bù méjì lè gbà.

Ní 1998, Diane Greene àti ọkọ rẹ̀ Mendel Rosenblum, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Stanford, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta míì, dá ilé iṣẹ́ VMware sílẹ̀. Wọ́n jí ọgbọ́n àtijọ́ IBM dìde fún kọ̀ǹpútà kékeré. Ọjà wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1999, èyí tó wà fún server jáde ní 2001. Ní 2003, àwọn ará Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tiwọn tó ń jẹ́ Xen jáde. Xen yìí ni Amazon lò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà háyà fáráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2006. Ní 2007, KVM wọnú Linux lọ́fẹ̀ẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní "cloud", orí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ lé.

Ohùn kẹrin

Kọ̀ǹténà inú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Òun náà kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1979, ẹ̀dà keje ètò Unix ti ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ chroot, tó ń sé ètò kan mọ́ yàrá tiẹ̀. Ní 2000, FreeBSD ní èyí tí wọ́n pè ní jail, ìyẹn ẹ̀wọ̀n. Ní 2006, àwọn òṣìṣẹ́ Google bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun tó di cgroups, tó ń wọn oúnjẹ fún ètò kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan má bàa jẹ tẹlòmíràn. Ó wọnú Linux ní 2008.

Ẹni tó wá sọ ọ́ di ọjà ni Solomon Hykes. Ní March 2013, ó dìde níbi ìpàdé kan ní Santa Clara, California, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún fi Docker hàn. Docker ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ èbúté. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ McLean ni wọ́n yá lò: kó ètò rẹ àti gbogbo ohun tó nílò sínú àpótí kan, gbé e síbi tó wù ẹ́, yóò ṣiṣẹ́. Ní 2014, Google gbé Kubernetes jáde, orúkọ Gíríìkì tó túmọ̀ sí atukọ̀. Òun ló ń darí kọ̀ǹténà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lọ́dún yẹn náà, Google sọ pé kọ̀ǹténà tí àwọn ń tan lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo lé ní bílíọ̀nù 2.

Kí wá ni ìyàtọ̀ méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí n fi ilé háyà ṣàlàyé. VM dà bí self-contain. O ní kíṣìnì tìrẹ, o ní ilé ìwẹ̀ tìrẹ, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló mọ. Ṣùgbọ́n ó gba àyè, ó sì wọ́n. Kọ̀ǹténà dà bí face-me-I-face-you. O ní yàrá tìrẹ àti kọ́kọ́rọ́ tìrẹ, àmọ́ kíṣìnì kan ni, kànga kan ni. Kíá lèèyàn ń wọlé, kíá ló ń jáde, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n.

Kànga yẹn ni wọ́n ń pè ní kernel. Àwa ọmọ Yorùbá mọ kernel dáadáa, èkùrọ́ ni. Inú èkùrọ́ ètò Linux ni gbogbo kọ̀ǹténà tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà ti ń jẹun. VM kọ̀ọ̀kan ló ní èkùrọ́ tiẹ̀.

Nǹkan méjì ló tìdí èyí jáde. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá da májèlé sí kànga, gbogbo ilé ló pa lára. Ní February 2019, wọ́n kéde àléébù kan nínú runc, irinṣẹ́ tó ń tan kọ̀ǹténà. Ẹni burúkú tó wà nínú kọ̀ǹténà kan lè gba àléébù yẹn jáde, kó sì di ọ̀gá lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tán. Èkejì, ètò tí wọ́n ṣe fún Windows kò lè jẹun nínú kànga Linux. Kọ̀ǹténà kò lè yí ìyẹn padà.

Ohùn karùn-ún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí èmi gan-an ni mo ṣẹ̀.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Alhaji kan tó ń ta ọjà òṣùwọ̀n ńlá níbí, ọmọ ilé wa, gbé iṣẹ́ fún mi. Ètò tó fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ti gbó, ti Windows ni, ẹni tó kọ ọ́ sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà yẹn, ojú kọ̀ǹténà ń pa mí bí ọtí. Mo ní VM ti kọjá lọ. Mo wá ètò kan tó ń jẹ́ Wine, tó máa ń gbìyànjú láti mú ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, mo sì fi ọgbọ́n rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú kọ̀ǹténà. Ó ṣiṣẹ́. Inú mi dùn. Mo gbowó mi.

Ọjọ́ kẹrin, mo rí àtúnṣe kékeré kan tí mo fẹ́ ṣe. Bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ̀ǹténà ni pé wọ́n á yọ ti àtijọ́ sọnù, wọ́n á tan tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ohun tí mo gbàgbé ni pé mi ò so ibi tí ètò náà ń kọ ìwé sí mọ́ àyè kan níta kọ̀ǹténà. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta bá kọ̀ǹténà àtijọ́ lọ. Ó lọ pátápátá.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìyá kan ti san ₦180,000. Owó lọ́wọ́ ni, kò gba rìsíìtì, torí ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n. Nígbà tí Alhaji ṣí kọ̀ǹpútà, gbèsè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí i. Ìyá náà wá. Ó ní, "Alhaji, ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń rajà lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń pè mí lólè?" Alhaji ní òun kò pè é lólè, kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe, ẹnu mi sì wúwo. Nígbà tí mo máa fi sọ̀rọ̀, ìyá náà ti jáde.

Ọjọ́ kọkànlá ni ọmọṣẹ́ Alhaji rí iye náà nínú ìwé àjákọ kan tó fi ń ṣe ìṣírò. A lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó fún wa lómi mu. Ṣùgbọ́n kò padà rajà níbẹ̀ mọ́ títí dòní. Mo dá owó iṣẹ́ Alhaji padà. Ti ìyá yẹn, kò sówó tó lè dá a padà.

Ẹ̀bi kọ̀ǹténà kọ́ o. Kọ̀ǹténà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún. Èmi ni mo kó epo bẹntiróòlù sínú àpótí tí wọ́n fi ń kó bàtà.

Ohùn kẹfà

Ó wá kù kí n dáhùn ìbéèrè gan-an: ọjọ́ iwájú ńkọ́? Ṣé kọ̀ǹténà á pa VM?

Ohun tí ìtàn ń fi hàn wá ni pé wọ́n ti ń gbé pọ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá lo Docker Desktop lórí Windows tàbí Mac, VM Linux kan ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé kọ̀ǹténà náà. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹténà tó wà lórí cloud, orí VM tí wọ́n háyà ni wọ́n jókòó sí.

Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra wọn. Ní December 2017, wọ́n kéde Kata Containers: kọ̀ǹténà ni lójú, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní èkùrọ́ tiẹ̀. Ní November 2018, Amazon gbé Firecracker jáde, VM tín-ín-rín tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ìdá mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan. Self-contain tí wọ́n kọ́ kíákíá bíi face-me-I-face-you nìyẹn.

Èyí tó kàn wá jù ni KubeVirt. Àwọn Red Hat ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé ní 2017. Ní 2019 ó bọ́ sábẹ́ ẹgbẹ́ CNCF tó ń tọ́jú Kubernetes, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní July 2023. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi VM sínú àpótí tí atukọ̀ Kubernetes mọ̀. Lójú atukọ̀, kọ̀ǹténà kan lásán ni. Nínú rẹ̀, odindi kọ̀ǹpútà ló jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú èkùrọ́ tiẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, caretaker kan ṣoṣo ló ń bójú tó ilé méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ owó náà dá sí i. Ní November 2023, Broadcom parí ríra VMware. Ní December, wọ́n dáwọ́ títa ìwé àṣẹ tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan tó di tiẹ̀ dúró. Ó di pé kí oníbàárà máa san owó lóòrèkóòrè. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ figbe ta pé owó àwọn ti fò sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ìyẹn kò ṣàjèjì sí yín. Ẹni tó bá ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ̀gá níbẹ̀ ni ìṣírò tiẹ̀ náà máa yí padà.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé. VM kò ní kú láìpẹ́, torí àwọn ètò àtijọ́ tí owó èèyàn wà nínú wọn kò ní kú láìpẹ́. Iṣẹ́ tuntun á máa lọ sínú kọ̀ǹténà. Àwọn méjèèjì á máa gbé lábẹ́ caretaker kan, bí ọkọ̀ onítáńkì àti ọkọ̀ kọ̀ǹténà ṣe ń pàdé lébùúté. Ẹrù ló máa yan ọkọ̀.

Ohùn keje

Ó di ọ̀rọ̀ àjọ wa. Ètò tó ń tọ́jú ìwé wa, ti Windows ni, ó sì ti pẹ́. Tí wọ́n bá ní àwọn máa gbé e sínú kọ̀ǹténà, ohun tí mo ṣe sí Alhaji ni wọ́n fẹ́ ṣe, àbí kí wọ́n kọ ètò míì látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ kíkọ ètò tuntun ni, kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ ká gbé méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún oṣù mẹ́ta, kí iye wọn bára mu kí a tó pa ti àtijọ́.

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè pé kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa wọlé sórí fóònù yín tẹ́ ẹ bá ti sanwó. Ìbéèrè tó dáa ni, iṣẹ́ kọ̀ǹténà sì ni gidi. A ò nílò Kubernetes fún un, ìyẹn á dà bí ẹni fi tírélà gbé àpò gaàrí kan. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Proxmox, láti Vienna ní ilẹ̀ Austria, ó ti wà láti 2008. Lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ó lè gbé VM àti kọ̀ǹténà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí ìwé àjọ dúró nínú VM, kí àtẹ̀jíṣẹ́ wà nínú kọ̀ǹténà. Bí kọ̀ǹténà bá bàjẹ́ lónìí, a yọ ọ́ sọnù, a tan òmíràn, kọ́bọ̀ ẹnì kankan ò ní sọnù.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ìwé àjọ wà ní Kano, kí òmíràn wà ní Jos lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kì í ṣe èmi. Kí akọ̀wé máa tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà lóṣooṣù. Kẹ́ ẹ sì máa gba rìsíìtì, kódà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Tí àwọn tó wá bá akọ̀wé bá padà dé, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n. Ibo gan-an ni ìwé á máa wọlé sí tí kọ̀ǹténà bá kú? Ta ló ni kànga tí a jọ ń mu? Tí ẹ bá fẹ́ fówó lé e lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé a lè kó ẹrù wa lọ? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkólòlò, èmi fúnra mi á ní kí ẹ fún un níṣẹ́.

Mo ti sọ tèmi. Owó yín ni, ẹ̀yin lẹ máa pinnu. Ẹni tó bá níbèèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́, màá dáhùn lọ́la lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù. Ó dàárọ̀ o.